Ta Ni Yóò Béèrè Ọmọ Àlejò Bí Ìlú Bá Dàrú?

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn ará Benin jáde lọ dìbò yan àwọn aṣòfin wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni wọ́n gbà láàyè láti du ipò, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Ní ọjọ́ ìbò yẹn gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó padà ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ènìyàn kò rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, àwọn agbófinró yí ilé Boni Yayi, ààrẹ àná, ká ní Cadjèhoun, ní Kútọnu níbí. Àwọn ọ̀dọ́ sì tú jáde láti gbèjà rẹ̀. Wọ́n dí ojú ọ̀nà, wọ́n finá sí táyà, wọ́n sọ òkò. Ìbọn dún lọ́jọ́ náà, ó tún dún ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀mí ṣòfò.

Ta ló jàre, ta ló jẹ̀bi? Àwọn olóṣèlú ti sọ tiwọn, àwọn òpìtàn yóò sọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti òkèèrè wá sí ìlú yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún jẹ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, kò sí ẹ̀kọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ Kútọnu kì í pẹ́ gbọ́ ohun tó ń lọ: ìyá rẹ̀ tó ń tajà ní Dantokpa yóò pè é, oní-zémidjan yóò sọ fún un pé òun kò lọ sí apá ibẹ̀ lónìí, rédíò tó ń sọ èdè Fọ̀n nílé aládùúgbò yóò sì fi kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá, tí ó yá yàrá kan ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ọjọ́ ìsinmi ni, ó sì lè jáde lọ ra oúnjẹ.

Òwe àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ènìyàn a máa pa á bí ẹni ń fi àlejò ṣẹ̀fẹ̀. Bí a bá gbé e yẹ̀wò dáadáa, onílé gan-an ni òwe náà ń bá wí: bí àlejò kò bá ríran, ta ni yóò ríran fún un?

Ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà fi ń wá sí Kútọnu kò fara sin. Láti Èkó dé ibí kò tó ìrìn ọjọ́ kan, kódà bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà ní Sèmè. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí a ń pè ní CEDEAO níhìn-ín, fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kan láǹfààní láti wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ló ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún tí wọn kì í rí àyè wọlé. Ẹni tí ó sì ráyè wọlé lè bá ìyanṣẹ́lódì pàdé: ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà nínú ẹgbẹ́ ASUU dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Òbí tí owó rẹ̀ kò tó rán ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò yíjú sí Kútọnu, níbi tí àwọn yunifásítì aládàáni kan ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn tiẹ̀ ní ìbátan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu tí kò tíì rí rí.

Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, oníròyìn kan ní Nàìjíríà fi hàn bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kan ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun ti dá kíka ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo sí dúró ná. Nígbà tí ó yá, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ péré ni òun yóò tẹ́wọ́ gbà. Ó dára kí a mú ayédèrú kúrò lọ́jà. Síbẹ̀, orí ìwé-ẹ̀rí ni gbogbo ariwo ọdún náà dá lé. Ẹni tí ó béèrè ibi tí àwọn ọmọ náà ń sùn kò pọ̀, ẹni tí ó béèrè bí wọn yóò ti ṣe bí ìlú bá gbóná kò tilẹ̀ tó nǹkan.

Ariwo náà sì tún dá kún ewu náà. Ọmọ tí ojú ń tì láti dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í yá lára láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Ọmọ tí 90 ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí kò sì gba ìwé ìgbélùú, a máa yà fún ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń fara pamọ́ lọ́jọ́ àlàáfíà ti pamọ́ tán kí ọjọ́ ìjà tó dé. Bí nǹkan bá ṣe é, kò sí ìwé tí a ó ṣí tí a ó bá orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ààbò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn ológun, kì í sì í ṣe nínú ìkéde àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú. Ẹni tí a kò kà, a kò lè mọ̀ pé ó sọnù.

Nítorí náà, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó ń gba ọmọ òkèèrè ní ìwé kan, ìwé gidi tí a fi ọwọ́ kọ tàbí tí a tẹ̀ sórí tákàdá. Kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, orúkọ àti nọ́ńbà òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní ilé, àti ibi tí ó ń gbé. Ní Kútọnu, a mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ń gbé kì í sábà jẹ́ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Ó lè jẹ́ ilé alájà kan lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn, tí géètì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ní òdìkejì mọ́ṣáláṣí. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò wá ọmọ náà yóò ṣe béèrè ọ̀nà. Kí wọ́n sì máa tún un kọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí akẹ́kọ̀ọ́ a máa kó kúrò ní yàrá bí owó ilé bá ti ga jù ú lọ. Ẹ̀dà ìwé náà gbọ́dọ̀ wà ní ilé akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí òmíràn wà lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan ni ó wà, a jẹ́ pé ó wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè dé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀: lọ́jọ́ ìjà, títì ni ọ́fíìsì máa ń wà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìbò ọdún 2019 tún fi nǹkan mìíràn kọ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbé gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀ lé WhatsApp, orí iyanrìn ni ó kọ́lé sí. Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́, àwọn ọmọ yóò máa wo fóònù bí ẹni ń wo dígí. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán àti ìpè kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ní Akpakpa bá ní orúkọ mẹ́wàá lọ́wọ́ láàárín àwọn tó wà ní àdúgbò rẹ̀, tí òmíràn ní mẹ́wàá ní Sainte-Rita, tí òmíràn ní mẹ́wàá ní Godomey, kò gba wákàtí kan kí ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí kò gbé fóònù. Ẹni tí kò gbé fóònù, kí wọ́n pe bàbá onílé rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà má ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a kiri láàárín táyà tó ń jó. Ènìyàn méjì tó sọnù kò sàn ju ọ̀kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó rí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í ní owó lọ́wọ́ mọ́. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n á sì lọ gbà á lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòjò ní ìkóríta. Nígbà tí ìlú bá dàrú, ẹni abẹ́ agbòjò ni yóò kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Owó tó tó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí, gààrì díẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi kan kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ ogun. Ohun tí ìyá ilé kọ̀ọ̀kan ní Kútọnu ń ṣe nìyẹn láìpè é ní orúkọ kankan.

Ìkìlọ̀ tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ariwo. Èdè Faransé ni ìjọba fi ń kéde, èdè Fọ̀n àti èdè Gùn ni ìlú fi ń tú u palẹ̀ fún ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́rin kí Faransé tó kọjá ìkíni àti iye owó tòmátò lẹ́nu rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi dandan mú un kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìjà kì í dúró de ẹni tó ń kọ́ èdè. Ní ti àwọn ọmọ Yorùbá, àwáwí kò sí rárá. Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè orílẹ̀-èdè yìí. Rédíò ìjọba ń fi gbé ìròyìn. A ń sọ ọ́ ní Kétu, ní Ìpóbẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, àti láàárín àwọn oníṣòwò Dantokpa. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ bí a ti ń kọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sórí pátákó ìpolówó láti fi pe akẹ́kọ̀ọ́ wá lè kọ ìlà mẹ́ta lọ́jọ́ ewu: Má jáde lónìí. Ìjà wà ní Cadjèhoun. Dá wa lóhùn kí a mọ̀ pé àlàáfíà ni o wà.

Àmọ́ ó yẹ kí ọmọ náà mọ̀ pé èdè kan náà kì í sọ àlejò di ọmọ onílé. Ó lè gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ ní ìkóríta, kí ó rò pé nígbà tí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, òun ti gbọ́ ìjà wọn. Kò tíì gbọ́ ọ. Ìjà ìlú ní gbòǹgbò tí ìwé ìròyìn pàápàá kì í dé ìdí rẹ̀.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà Àríwá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìbò ààrẹ ti ọjọ́ 11 tó wáyé, àwọn olùfẹ̀hónúhàn dí ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou. Wọ́n ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi yan ààrẹ ní 2016 ti pé, àfikún ọjọ́ tí òfin tuntun fún un kò sì bá àwọn lára mu. Ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́, igi àti òkúta wà lójú títì. Ọkọ̀ dúró pẹ̀lú ẹrù àti èrò. Ní ọjọ́ 8, àwọn ọmọ-ogun dé Ṣábẹ̀ẹ́ láti ṣí ọ̀nà, wọ́n yìnbọn, ènìyàn kú. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Parakou ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí bàbá rẹ̀ ń pè é láti Abẹ́òkúta pé kí ó tètè máa bọ̀ nílé. Ìfẹ́ ni bàbá náà fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti Parakou dé Kútọnu, àárín ìjà náà gan-an ni ọ̀nà gbà kọjá. Ọmọ tí ó bá gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ni yóò wà nínú ewu, èyí tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ni yóò bọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa bá òbí sọ̀rọ̀ tààrà, kí òbí má baà máa fi ìbẹ̀rù darí ọmọ láti òkèèrè.

Ẹnubodè Sèmè náà kì í ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí a lè gbà sá nígbàkígbà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ó di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ó tó kéde pé kí wọ́n ṣí Sèmè padà. Ẹni tí ètò ààbò rẹ̀ kò ju “màá sá lọ sílé” kò ní ètò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà yunifásítì kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ibi ìsádi. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Abomey-Calavi fẹ̀hónú hàn pé kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ dúró nítorí àrùn kòrónà. Àwọn ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kan kú. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Òkò tí a sọ sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìbọn tí a yìn sí àárín èrò kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹni tí yóò bà.

Ohun tí ó tún ń kó àlejò sí wàhálà ju ìbọn lọ ni fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ìjà bẹ́, ó na fóònù sókè, ó fẹ́ ya fídíò tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáná rí i, wọ́n rò pé amí ìjọba ni. Àwọn ọlọ́pàá rí i, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáná ni. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn, ìfura yóò sì di ìlọ́po méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kò ní ìbò ní Benin, kò ní ìdí láti wà nínú ìwọ́de olóṣèlú, ìbáà jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà ló pè é, ìbáà sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má ní èrò. Kí ó ní èrò náà nínú ilé, kí ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpò rẹ̀ bí ó bá di dandan kí ó jáde lọ ra oògùn.

Àwọn onílé ni ọ̀rọ̀ kàn jù lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá onílé kan kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe òbí ọmọ tó yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ọmọ náà kò sùn sílé. Ìyá onílé tí ó kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ tí ó ní, “Ọmọ mi, má jáde o, ọ̀nà kò dára,” ti ṣe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ aṣojú kankan kò lè ṣe. Ìwà yìí kò ṣọ̀wọ́n ní Kútọnu. Onílé rere pọ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí ilé-ẹ̀kọ́ mọ nọ́ńbà ìyá náà. Àwọn aṣojú tí wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí, owó lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti owó lọ́wọ́ onílé, ni wọ́n mọ gbogbo àwọn nọ́ńbà yìí. Bí wọ́n bá ti gba owó tán, wọn a máa bá tiwọn lọ. Ó yẹ kí a fi dandan mú wọn kó ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Nàìjíríà nìkan ni èyí, kí ó rántí Dákà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún Ousmane Sonko, iná sọ ní yunifásítì Cheikh Anta Diop. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníròyìn, CESTI, tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé ti ń kẹ́kọ̀ọ́, wà lára ibi tí iná náà dé. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé báàgì wọn jáde kúrò ní ibùgbé wọn. Ọmọ Senegal wọ ọkọ̀ lọ sí Thiès, sí Kaolack, sí ilé ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ilé ìyá rẹ̀ wà ní Kútọnu ńkọ́? Ní Tunisia, ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Kaïs Saïed sọ̀rọ̀ líle sí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gúúsù Sàhárà wá, ìkọlù sì bẹ̀rẹ̀ sí wáyé ní ìgboro. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà níbẹ̀, AESAT, ni ó sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má jáde, kódà kí wọ́n má lọ sí kíláàsì. Ẹgbẹ́ náà lè sọ ọ́, wọ́n sì lè gbọ́, nítorí pé orúkọ àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Òbí kan ní Kútọnu tí ọmọ rẹ̀ wà ní Dákà tàbí ní Tunis mọ ohun tí ó ń gbàdúrà fún ní òru ọjọ́ wọ̀nyẹn: pé kí onílé kan tí òun kò mọ̀ rí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun sínú ilé.

Àwọn kan yóò ní sísọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta ń ba orúkọ Benin jẹ́, pé ìlú àlàáfíà ni Kútọnu. Òótọ́ ni pé Benin ní orúkọ rere. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí, yí ìjọba padà láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀, gbogbo Áfíríkà sì wá fi ṣe àwòkọ́ṣe. Orúkọ rere yẹn wà lára ohun tó ń mú òbí fọkàn balẹ̀ rán ọmọ wá síbí. Ṣùgbọ́n ilé epo tí ó gbé ohun ìpaná kọ́ sára ògiri kò sọ fún oníbàárà pé iná ń bọ̀. Oníbàárà tí ó bá gbọ́n kì í ra epo níbi tí kò bá rí i. Àwọn mìíràn yóò ní àgbàlagbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, a kò lè máa ṣọ́ ọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣọ́ ọ. Àgbàlagbà pàápàá a máa sọ ibi tí òun ń lọ fún ará ilé rẹ̀. Ní ti owó, ìwé kan àti káàdì ìpè díẹ̀ kò tó iye tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ná sórí pátákó ìpolówó kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ìjọba pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga ni ó ń fún yunifásítì aládàáni ní ìwé àṣẹ. Kí ó fi ìwé orúkọ yìí àti ètò ìpè yìí sí ara ohun tí yóò máa béèrè kí ó tó fún wọn tàbí kí ó tó tún un ṣe. Kí ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà náà ya ìforúkọsílẹ̀ fún ààbò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí àti ìwé ìgbélùú. Ọmọ tí ó wá sọ ibi tí ó ń gbé, kí wọ́n má bi í ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ bóyá wọ́n kà á sí tàbí wọn kò kà á sí. Ìyẹn lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Kí ọlọ́pàá Benin sì jẹ́ kí ó ye àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé ìwé orúkọ tí wọ́n kọ nítorí ààbò kì í ṣe ìwé tí a ó fi máa ṣọdẹ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yóò máa kọ orúkọ èké síbẹ̀, ìwé náà yóò sì di òfìfo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò tún kọjá ní Sèmè pẹ̀lú báàgì àti ibùsùn. Wọn yóò jókòó ní ọ́fíìsì, wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé ìforúkọsílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, iye owó tí wọ́n san, iye tí ó kù. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ìlà kan péré kún un ní ọdún yìí, kí wọ́n má sì gba ìwé náà padà bí ìlà náà bá ṣófo: ta ni kí a pè ní àdúgbò rẹ?